Ẹni Tó Gbẹ́ Ère àti Ẹni Tó Rà Á

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Bí ó ti rí fún ènìyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí gbogbo, irú èyí tí ó wà ní àdúgbò Old GRA ní ìlú Port Harcourt, ìwé pélébé ẹ̀gbẹ́ ère ni àlejò fi ń mọ ohun tí ó ń wò. Agbára ńlá ni ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá kọ ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Giorgio Vasari ará Ítálì, tí ó kú ní ọdún 1574, a máa lẹ àwòrán àwọn àgbà oníṣẹ́ ọnà mọ́ inú ìwé ńlá, a máa ya ọ̀ṣọ́ yí wọn ká, a sì máa kọ orúkọ sí wọn. Ó kọ orúkọ Cimabue sí ọ̀kan. Ìwádìí àwọn ọ̀mọ̀wé fi hàn lẹ́yìn náà pé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ Cimabue. Rubens pàápàá a máa fi kálàmù tún àwòrán ẹlòmíràn tí ó rà yà. Mariette ní Paris, tí ó kú ní ọdún 1774, a máa la bébà kan ṣoṣo sí méjì bí àwòrán bá wà ní ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Lójú tiwọn, àtúnṣe ni wọ́n ń ṣe.

Ilẹ̀ Áfíríkà kò yọ sílẹ̀. Ní Gabon, ọ̀pọ̀ ère àwọn Fang ni a yọ kúrò lórí àpótí èèpo igi tí egungun àwọn baba ńlá wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1916, nígbà tí àwọn ọmọlẹ́yìn Garrick Braide ń ba àwọn ohun ìbọ jẹ́ ní agbègbè Kalabari, P. A. Talbot, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, kó ère ìrántí àwọn olórí ilé, tí a ń pè ní duein fubara, ránṣẹ́ sí British Museum ní London. Orúkọ Talbot ni ayé mọ̀ mọ́ wọn, kì í ṣe ti agbẹ́gilére.

Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́, iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, lọ síbi ìpàtẹ ní Wembley. British Museum fẹ́ rà á. Ògògà kọ̀ láti tà á, ṣùgbọ́n ó gbà láti fi ṣe pàṣípààrọ̀ ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọlọ́wẹ̀ kú ní ọdún 1938. Síbẹ̀, ní ọdún 1988, Olújùìfun aya rẹ̀ ṣì ki oríkì rẹ̀ fún ọ̀mọ̀wé John Pemberton. Ẹnu ìyàwó ni ó pa orúkọ ọkọ mọ́.

Òfin ọdún 1979 tí ó dá àjọ tí ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó wọn jáde láìgba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin kò lè rántí orúkọ. Kí àwọn baálé àti àwọn ará ààfin má ṣe ha ère àtijọ́, kí wọ́n má sì kùn ún ní ọ̀dà. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ àti ìlú rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Bí onílé kò bá kọ ọ́, ẹni tí ó rà á yóò kọ èyí tí ó wù ú.