Wọ́n ti mú ọmọ ní Unilorin, ta ló máa san acceptance?

Ìdájí ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni ìyá kan tó ń ta ata lọ́jà Ìpàtà kan ilẹ̀kùn mi. Ọmọ ẹ̀ obìnrin dúró sẹ́yìn ẹ̀, ó di fóònù mú bí ẹni tó di ẹyin mú. "Ẹ̀gbọ́n Akọ̀ròyìn, ẹ gbà wá. Wọ́n ti mú ọmọ yìí ní Unilorin. Wọ́n ní ìjọba ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó báyìí. Ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́, ká fi san acceptance. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù."

Mi ò kọ́kọ́ mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún wọn. Lóòótọ́ ni ẹ̀yáwó wà, àmọ́ ẹni tó ti wọlé tán ló wà fún. Àárín ìgbà tí wọ́n mú ọmọ sí ìgbà tí ilé-ìwé máa ka ọmọ náà mọ́ tiwọn, àpò òbí nìkan ló ń dá a gbé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń já bọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ìwọlé fúnra ẹ̀. 1975 ni Unilorin bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn, 1977 ló dá dúró. Látìgbà náà, ó ti di ọ̀kan lára àwọn ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ń yàn jù nínú JAMB. Àwa ará Ìlọrin máa ń rò pé tiwa ni, pé ọmọ onílẹ̀ ò lè ṣàìwọlé. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ni pé ìdá 45 nínú 100 jẹ́ ti máàkì nìkan, 35 ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ìwé ká, 20 ti àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n kà sí pé ẹ̀kọ́ ò tíì gbilẹ̀ níbẹ̀ tó. Kwara wà nínú méjèèjì tó gbẹ̀yìn. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ gbogbo ọmọ Kwara tó kù náà ló wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú ẹ, pàápàá tó bá jẹ́ Medicine tàbí Law lo yàn.

Ẹ wá ka owó. Fọ́ọ̀mù JAMB ní 2025 jẹ́ 7,200 náírà fún ẹni tí kò ṣe mọ́ọ̀kù. Post-UTME, JAMB ní kò gbọdọ̀ ju 2,000 lọ. Owó káfé tí wọ́n ti bá ọmọ gbé èsì WAEC sórí pọ́táàlì JAMB ńkọ́? Acceptance ńkọ́? Yàrá ní Tanke tàbí Òkè-Odò, tí onílé máa ní òun fẹ́ gba ti ọdún kan gbáko? Ẹ̀yáwó kì í san ìkankan nínú ìwọ̀nyí tẹ́lẹ̀ fún yín.

NELFUND lorúkọ àjọ tó ń yáni lówó náà. Òfin àkọ́kọ́ jáde ní June 2023, ó sì le koko: onídùúró méjì, owó tó ń wọlé fún ìdílé kò sì gbọdọ̀ ju 500,000 náírà lọ́dún. Wọ́n tún un ṣe, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí tuntun ní April 3, 2024, pọ́táàlì sì ṣí ní May 24 ọdún náà. Kò sí onídùúró mọ́. Owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sí àkáǹtì ilé-ìwé, 20,000 náírà lóṣù fún jíjẹ mímu sì ń wọ àkáǹtì ọmọ fúnra ẹ̀. Ilé-ìwé ìjọba nìkan ni o. Ọmọ KWASU ní Malete lè gbà á, ọmọ Al-Hikmah ò lè gbà á.

"Ṣé kò sí ribà ńbẹ̀?" Ìyá yẹn bi mí léèrè, mo sì mọ̀ pé ó máa béèrè. Kò sí èlé kankan. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, ìdá 10 nínú 100 owó oṣù, tíṣẹ́ bá ti wà. Bí ẹni tó yá a bá kú, òfin fàyè sílẹ̀ pé kí wọ́n fi gbèsè náà jì í. Ẹ má wá torí ẹ̀ rò pé ọ̀fẹ́ ni. Ìjọba dá irú ẹ̀ sílẹ̀ ní 1972, ó tún gbìyànjú báńkì ẹ̀kọ́ ní 1993. Àwọn tó yá owó àtijọ́ ò dá a padà, ó sì kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ohun tó ń dá ọmọ dúró jù lórí pọ́táàlì ni orúkọ. Ilé-ìwé ló gbọ́dọ̀ fi orúkọ ẹ ránṣẹ́ sí NELFUND, ó sì gbọ́dọ̀ bá ti JAMB, NIN àti BVN mu. Ní Ìlọrin wa yìí, Rukayat inú JAMB lè jẹ́ Ruqoyyah inú NIN. Ẹ tún un ṣe kí pọ́táàlì tó ṣí, torí ọ̀hún ni èrò máa ń pọ̀ sí nígbà yẹn.

Èmi náà gba admíṣọ̀n yunifásítì nígbà kan, láyé ológun. Bàbá mi ká lẹ́tà náà, ó fi sábẹ́ tìmùtìmù. Pólì ni mo padà lọ, ND ni mo ní. Mi ò kábàámọ̀ iṣẹ́ mi, àmọ́ mo ṣì rántí àwọ̀ lẹ́tà yẹn. Ìyẹn ni mi ò fi lè sọ fún ìyá aláta pé kó gba kádàrá.

A jókòó, a ṣírò ẹ̀. Ó ní àjọ kan tí yóò kó lóṣù kẹta sí i. Mo bá a lọ bá alájọ, obìnrin kan tó yún ìmú díẹ̀ kó tó gbà pé kí ẹni tó kàn yọ̀ǹda fún un. Mo fi díẹ̀ kún un, àbúrò ọkọ ẹ̀ náà fi díẹ̀ kún un. Ọjọ́ méjì ló kù nígbà tí wọ́n san án.

Lánàá ni ọmọ náà tẹ̀ ẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ káàsán sà. Mo tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní àwọn ò rí orúkọ mi." Mo ní kó mú nọ́ńbà JAMB àti NIN ẹ̀ lọ bá àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nílé-ìwé wọn láàárọ̀ ọ̀la, kó wò ó bóyá wọ́n ti fi orúkọ àwọn tuntun ránṣẹ́. Ó ní òun á tètè lọ, kí èrò tó pọ̀.