Ibi tí ìpele jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ ti ṣẹ̀

Bí dókítà bá sọ fún obìnrin pé jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ rẹ̀ ti wà ní ìpele kejì, àwọn àgbà tó bá a wá a máa béèrè pé ta ló ka àrùn tó fi mọ iye ibi tó dé. Ìbéèrè gidi ni. Ohun tí mo rí nínú ìtàn rẹ̀ ni pé wọn kò dá ìpele sílẹ̀ láti sọ iye ọjọ́ tó kù fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n dá a sílẹ̀ kí àwọn dókítà má baà máa fi àbájáde iṣẹ́ wọn tan ara wọn jẹ.

Ní ìlú Vienna ni awuyewuye lórí iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ yìí ti gbóná. Ní 1898, Ernst Wertheim bẹ̀rẹ̀ sí í la ikùn láti yọ ilé-ọmọ, ẹran tó yí i ká àti àwọn kókó tí àrùn máa ń sá sí. Friedrich Schauta, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, gba ìsàlẹ̀ wọlé, láti ojú ara. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí Wertheim kọ́kọ́ ṣe fún kò yè é. Àwọn tó kú lọ́wọ́ Schauta kéré sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tó àwọn kókó náà. Ta ló jàre? Kí wọ́n tó yanjú rẹ̀, rédíọ̀mù, èròjà tó ń tú ìtànṣán jáde, tí Marie àti Pierre Curie ṣàwárí rẹ̀ ní 1898 kan náà ti di oògùn ní Stockholm àti Paris, àwọn tí oníṣẹ́ abẹ ti sọ pé ọ̀rọ̀ wọn ti kọjá ọ̀bẹ ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi tọ́jú. Ẹni tó ṣa aláìsàn tí àrùn rẹ̀ kéré, àti ẹni tó gba àwọn tó ṣẹ́kù, báwo ni a ó ṣe fi iye tó yè lọ́dọ̀ wọn wéra?

Kí ìwéra yẹn lè ṣeé ṣe, ní 1929, ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè fi ìpele mẹ́rin lélẹ̀; lẹ́yìn náà ni FIGO, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn dókítà tó ń tọ́jú àrùn obìnrin, gba iṣẹ́ náà. Nínú ètò FIGO, èkíní kò tí ì kúrò nínú ilé-ọmọ. Èkejì ti jáde ṣùgbọ́n kò tí ì dé ògiri ìbàdí. Ẹ̀kẹta ti dé ibẹ̀, tàbí ìsàlẹ̀ ojú ara, tàbí ó ti dí ọ̀nà ìtọ̀ tí kíndìnrín fi wú. Ẹ̀kẹrin ti wọ àpò ìtọ̀ tàbí ìfun, tàbí ó ti rìn jìnnà. Iṣẹ́ abẹ sábà máa ń tó fún èyí tó kéré ní ìpele kìíní. Bó bá ti wọ ẹran ẹ̀gbẹ́ ilé-ọmọ, ìtànṣán láti ìta àti láti inú ló kàn, pẹ̀lú oògùn cisplatin tí àwọn ìwádìí 1999 fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ojú àti ìka ọwọ́ ni dókítà fi ń mọ ìpele náà tẹ́lẹ̀, àwọn kan sì ní ìka ọwọ́ kò lè mọ kókó tó wà nínú. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí FIGO fi gba àwòrán inú ara wọlé ní 2018, tí kókó tó ní àrùn fi ń gbé obìnrin dé ìpele kẹta. Mo fara mọ́ ọn, nítorí kò yẹ kí a la ikùn ẹni tí a ó tún padà fi ìtànṣán tọ́jú. Ohun tó ń dùn mí ni pé kí a tìtorí ẹ̀rọ pa àyẹ̀wò ọwọ́ tì, nígbà tí FIGO fúnra rẹ̀ kò pa á tì. Ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara kò sí ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, jẹjẹrẹ kì í sì í dúró de àwòrán. Dókítà tó wọ ìbọ̀wọ́, tó fi ojú àti ìka yẹ obìnrin wò dáadáa, lè kọ ìpele sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó sì fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ ìtànṣán. Bí àwòrán bá dé kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, tó sì fi kókó hàn, kó tún un kọ.