Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lára àgbàlagbà

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ó lè wà lára ènìyàn fún ọdún púpọ̀, kí orí má fọ́ ọ, kí ó sì máa lọ oko rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ apá ní ilé ìwòsàn ló ń fi í hàn. Bí ó bá ń tó 14 lórí 9, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ru nìyẹn.

Oògùn rẹ̀ kò dàbí ti ibà tí à ń lò tán. Ọjọ́ tí ẹ bá lò ó ló ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nítorí pé ara ti yá, ẹ̀jẹ̀ á tún ru láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ibẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ ti ń wá.

Ṣùgbọ́n òòyì ń mú kí àwọn àgbà sá fún oògùn yìí. Ká sọ pé ìyá yín jí lóru, ó fẹ́ lọ tọ̀. Ó dìde lójijì, ojú rẹ̀ ṣú, ó ṣubú, egungun ìbàdí ṣẹ́. Àwọn ará ilé á ní oògùn ló fẹ́ pa á. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Bí a bá dìde, ẹ̀jẹ̀ a máa wọ́ lọ sí ẹsẹ̀. Lára ọ̀dọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ á tètè fún pọ̀, á tì í padà sókè. Ti àgbà kì í yá tó bẹ́ẹ̀, oògùn sì tún lè dẹ̀ ẹ́.

Kí ìyá kọ́kọ́ jókòó sí etí ibùsùn. Kí ó máa mi ẹsẹ̀, kí ó ka ení, èjì, títí dé ọgbọ̀n, kí ó tó di nǹkan mú dìde. Bí òòyì náà kò bá lọ, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ kó gbogbo oògùn rẹ̀ dání. Ẹ ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìjókòó, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n ní ìdúró. Wọ́n lè dín oògùn kù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe dín in kù fúnra yín. Bí ẹ bá sì gbàgbé ti àná, ẹ má lo méjì lónìí.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn ara ríro tí wọ́n ń tà lórí àtẹ lọ́jà. Ẹni tí ń tà á kò mọ ohun tí ẹ ń lò nílé. Ibuprofen àti diclofenac lè mú ẹ̀jẹ̀ ru, wọ́n sì lè ba kíndìnrín àgbà jẹ́.

Faransé ni wọ́n sábà ń kọ sára páálí oògùn. Ẹ béèrè wákàtí tí wọ́n ń lò ó, kí ẹ fi Yorùbá kọ ọ́ sára rẹ̀ fún ìyá: òwúrọ̀, ẹyọ kan.