Ìwé tí wọ́n fi gba Èkó: ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ló tú àṣírí

Bí wọ́n bá dárúkọ Òṣòdì, ọkọ̀ àti ọjà ló ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n orúkọ jagunjagun ni. Òṣòdì Tápà, ọmọ Nupé tó wọ Èkó gẹ́gẹ́ bí ẹrú, ló di olórí ogun Ọba Kòsọ́kọ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá ìbọn lé Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní oṣù Disẹ́ńbà, ọdún 1851, ó bá ọ̀gá rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọdún 1862 ni wọ́n tó padà wálé.

Nítorí náà, bí olùkọ́ bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ Òṣòdì tàbí Ìsọlọ̀ kọ àròkọ lórí ìdí tí Gẹ̀ẹ́sì fi gba Èkó, ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ ló ń kọ.

Ìwé àdéhùn ọjọ́ kẹfà, oṣù Ògọ́ọ́sì, ọdún 1861 ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ gbá mú. Ó ní Ọba Dòsùnmú fi Èkó sílẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì lè dáàbò bo ará ìlú, kí wọ́n sì fòpin sí òwò ẹrú. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò ní òwò ẹrú nìkan ló fà á.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejìlélógún, oṣù Júùnù ọdún náà, Lord John Russell, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní London, ti kọ̀wé sí aṣojú ìjọba rẹ̀ l'Ékòó. Ó mẹ́nu ba òwò ẹrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fi ìtẹ̀síwájú káràkátà àti kíkápá ọba Dàhòmì kún un. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà: ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ kí Dòsùnmú tó fọwọ́ sí àdéhùn. London ti pinnu kí wọ́n tó bi onílé. Dòsùnmú àtàwọn ìjòyè rẹ̀ náà kọ̀wé sí Ọbabìnrin Victoria pé ipá ni wọ́n fi mú àwọn.

Síbẹ̀, kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìwé kankan mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. Ta ló kọ ọ́? Nígbà wo? Kí ló ń wá? Ìwé Russell kò jẹ́ ká sọ pé òwò ẹrú nìkan ni, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ ká sọ pé káràkátà nìkan ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti máàkì ìdánwò nìkan. Ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, sì pe ẹjọ́ owó gbà-máà-bínú dé London. Lọ́dún 1921, Privy Council ní àdéhùn 1861 kò pa ẹ̀tọ́ tí àwọn èèyàn ní lórí ilẹ̀ wọn rẹ́. Ìwé kan náà ni. Bí wọ́n ṣe kà á ló yàtọ̀.

Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fi ìwé kan ṣoṣo kọ ìtàn.