Túndé Jẹ́gẹ́dẹ́: ṣẹ́lò àti kóra

London ni wọ́n bí Túndé Jẹ́gẹ́dẹ́ sí ní ọdún 1972. Ọmọ Èkìtì ni bàbá rẹ̀, Emmanuel Táíwò Jẹ́gẹ́dẹ́, gbẹ́nàgbẹ́nà tó tún jẹ́ akéwì. Ní Keskidee, ilé àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ní Islington, ni bàbá ti ń ṣiṣẹ́ ọnà. Ibẹ̀ náà ni kóra ti wọ ọmọ lójú.

Ààbọ̀ igbá ńlá ni kóra, irú igbá tí wọ́n ń fín ní Ọ̀yọ́. Wọ́n á fi awọ màlúù bò ó, wọ́n á ki ọ̀pá gígùn bọ̀ ọ́, wọ́n á wá na okùn 21 mọ́ ọn. Àtàǹpàkò méjèèjì àti ìka ìfábẹ̀lá méjèèjì nìkan ló ń ta gbogbo okùn yẹn. Ìdílé jálì, àwọn arọ́kin, ló ni ín láàárín àwọn Mandinka ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bí ìlù ṣe jẹ́ ti ìdílé Àyàn lọ́dọ̀ wa. Túndé kì í ṣe ọmọ jálì. Síbẹ̀, láti kékeré ló ti lọ jókòó ti Amadu Bansang Jobarteh, ọ̀gá oníkóra, ní Gáḿbíà. Kò sí ìwé níbẹ̀: ọ̀gá á ta á, ọmọ á gbọ́, á ta tirẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ Purcell àti Guildhall ló ti kọ́ ṣẹ́lò, ìwé ló sì wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ Ítálì ni ohun èlò yìí ti jáde. Ó dà bí fáólìn tó sanra, okùn mẹ́rin péré. Ẹni tó ń ta á á jókòó, á há a sáàárín orúnkún méjèèjì, á máa fa irun ẹṣin kọjá lórí okùn. Ẹni tó bá mọ gòjé inú sákárà Yusuf Olatunji kò ní ṣàjèjì sí i, àfi pé ohùn ṣẹ́lò wálẹ̀ jù ú lọ dáadáa.

Oníkóra máa ń ta ìró kan tó ń yí po, kumbengo, kó tó da birimintingo, ìró wéréwéré, lé e lórí. Gúdúgúdú kì í kúrò lójú kan, ìyáàlù ní ń sọ̀rọ̀: ọgbọ́n kan náà ni. Orí irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Jẹ́gẹ́dẹ́ ń gbé okùn Òyìnbó lé. Orin rẹ̀ tutù. Ẹni tó ń wá ijó kò ní rí i níbẹ̀. Ó kọ ìwé African Classical Music and the Griot Tradition (1994). Orin ààfin Áfíríkà kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn orin ààfin Yúróòpù. Àwọn jálì ti ń kọrin fún ọba tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ṣẹ́lò.

Àbúrò rẹ̀, Sona Jobarteh, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nídìí kóra. Jẹ́gẹ́dẹ́ fúnra rẹ̀ padà sílẹ̀ baba rẹ̀, ó darí ètò orin ní ilé orin MUSON ní Oníkàn, Èkó, ó sì dá Art Ensemble of Lagos sílẹ̀.