Ọmọdé Láàárín Àgbà: Biniam Girmay Nínú Eré Kẹ̀kẹ́ Onípele

Òpópónà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ gùn tó nǹkan bí 50 kìlómítà. Ọ̀sà wà ní apá kan rẹ̀, òkun Àtìláńtíìkì wà ní apá kejì, ilẹ̀ tí ó sì wà láàárín méjèèjì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ní òwúrọ̀ kùtù òpin ọ̀sẹ̀, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ajah, àwọn tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe eré ìdárayá a máa gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀dọ́ tí ó bá ti gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà yìí mọ bí afẹ́fẹ́ òkun ti ń dá ẹni dúró, ó sì mọ bí ọkọ̀ ńlá ti ń fún ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ mọ́ etí títì. Kí ni irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní kí ó tó lè bá àwọn àgbà ayé díje? Ìtàn ọmọ Áfíríkà kan lè tan ìmọ́lẹ̀ sí ìbéèrè yìí.

Ohun tí eré onípele jẹ́

Eré kẹ̀kẹ́ onípele kì í ṣe eré ọjọ́ kan. Ìpele kan ni wọ́n ń sá ní òòjọ́. Àkókò tí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan lò lójoojúmọ́ ni wọ́n ń rò pọ̀, ẹni tí àpapọ̀ àkókò tirẹ̀ bá sì kéré jù lọ ni ó gba ipò kìn-ín-ní. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan gba ipò kìn-ín-ní láìborí ní ìpele kankan, ó sì ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn borí ní ìpele mẹ́ta kí orúkọ rẹ̀ má sì sí láàárín àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́. Mẹ́ta nínú irú eré bẹ́ẹ̀ ni ó lókìkí jù láyé: Tour de France ti ilẹ̀ Faransé, Giro d'Italia ti ilẹ̀ Ítálì, àti Vuelta ti ilẹ̀ Spéènì. Ìpele 21 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ọdún 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Tour du Faso ní Bùrùkínà Fasò.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá ẹlẹ́kẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó wà níwájú ni ó ń la afẹ́fẹ́. Ẹni tí ó bá fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ lè dá nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ sí. Ìdí nìyí tí eré tí ó dà bí eré aládàáṣe fi jẹ́ eré ẹgbẹ́. Ní Giro ọdún 2022, ẹgbẹ́ 22 ni ó kópa, ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ mẹ́jọ sì ni ó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan nínú àwọn mẹ́jọ wọ̀nyí kò wá ògo fún ara wọn: àwọn ni ó ń gba afẹ́fẹ́ sára, àwọn ni ó ń gbé omi wá fún ẹni tí ẹgbẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ọmọ Asmara

Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 2000 ni wọ́n bí Biniam Girmay ní Asmara, olú-ìlú Eritrea, ìlú orí òkè tí ó ga ju òkun lọ ní ohun tí ó lé ní 2,300 mítà. Àwọn ará Ítálì tí ó ṣàkóso ilẹ̀ náà nígbà kan ni ó mú eré kẹ̀kẹ́ wá. Wọ́n lọ, ṣùgbọ́n eré náà kò lọ, àwọn ọmọ ilẹ̀ sọ ọ́ di tiwọn. Ní 2018, Girmay lọ sí ibùdó ẹ̀kọ́ eré kẹ̀kẹ́ àgbáyé ní Aigle, ní Súwísàlandì. Ní 2020, ó di ọmọ ẹgbẹ́ Delko ti Faransé. Ní 2021, ó bọ́ sí ẹgbẹ́ Intermarché ti Bẹ́ljíọ̀mù. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2022, ó borí nínú eré ọlọ́jọ́ kan tí ń jẹ́ Gent–Wevelgem.

Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Girmay kò tíì sá eré ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rí nígbà tí Giro bẹ̀rẹ̀ ní Budapest ní ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní gan-an, ó gba ipò kejì, ẹ̀yìn Mathieu van der Poel. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, ìpele kẹwàá, láti Pescara dé Jesi, jẹ́ 196 kìlómítà: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kí ènìyàn lọ láti Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ kí ó padà, kí ó sì tún un ṣe, tòun ti òkè. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún un títí ó fi ku díẹ̀. Òun àti van der Poel wá kojú ara wọn, wọ́n ń sá gìrìgìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, títí van der Poel fi jọ̀wọ́ rẹ̀ tí ó sì na àtàǹpàkò sókè láti yìn ín. Báyìí ni Girmay di ènìyàn dúdú Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó borí ní ìpele kan nínú àwọn eré ńlá mẹ́ta wọ̀nyí.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Nígbà tí ó ń ṣí ìgò ọtí wáìnì lórí pèpéle ìdúpẹ́, ìdérí ìgò náà ta bà á lójú òsì. Ilé ìwòsàn ni ó gbà lọ, kò sì lè bá wọn sá ìpele kọkànlá. Ní 2023, ó dé Tour de France fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sì borí ní ìpele kankan. Ní 2024, ó padà lọ, ó borí ní ìpele mẹ́ta, ó sì gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí ó jẹ́ ti ẹni tí àmì rẹ̀ pọ̀ jù.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀

Ẹ̀bùn kò wọ́n ní Nàìjíríà. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Paris ní 2024, kẹ̀kẹ́ tí ikọ̀ Jámánì yá Ese Ukpeseraye ni ó fi díje nínú gbọ̀ngàn eré kẹ̀kẹ́. Èyí fi hàn pé ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ń gbé ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ dé ìdí ayò. Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ nílò irinṣẹ́, olùkọ́ni, ẹgbẹ́ tí yóò bá a gba afẹ́fẹ́, ìdíje lóòrèkóòrè, àti ọ̀nà tí kò ní gba ẹ̀mí rẹ̀. Ilẹ̀ Lẹ́kkí kò ní òkè, ṣùgbọ́n Èkìtì àti Ìdànrè ní. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Kigali ní Rùwáńdà gba àlejò ìdíje eré kẹ̀kẹ́ ojú títì ti àgbáyé, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wáyé ní Áfíríkà. Ọ̀nà ti là. Ẹni tí yóò tọ̀ ọ́ ni ó kù kí ìlú tọ́ dàgbà.

Ìbéèrè fún àpérò

1. Èéṣe tí ẹni tí ó borí ní ìpele púpọ̀ fi lè má gba ipò kìn-ín-ní?
2. Kí ni Asmara ní tí Ajah kò ní, kí sì ni Ajah ní tí kò tíì lò?
3. Ta ni ó yẹ kí ó ra kẹ̀kẹ́ fún ọmọ tí ó ní ẹ̀bùn: òbí, ilé-ìwé, tàbí ìjọba?