Ikú Àwọn Ìkà Nínú Fíìmù Amí: Èwo Ló Lè Ṣẹlẹ̀, Èwo Ni Àsọdùn?

Nínú Live and Let Die, fíìmù James Bond tó jáde lọ́dún 1973, inú ihò abẹ́ ilẹ̀ kan ni Bond àti Kananga ti wọ̀yá ìjà. Kananga, tí Yaphet Kotto ṣe ipa rẹ̀, ni baba ìsàlẹ̀ àwọn oníṣòwò oògùn olóró inú fíìmù náà. Àwọn méjèèjì já sínú omi. Bond mú ọta kan tí wọ́n ti fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sínú rẹ̀ gidigidi, irú èyí tí wọ́n fi ń yìnbọn fún ẹja àkùràkudà, ó sì kì í bọ Kananga lẹ́nu. Kò pẹ́ rárá tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kananga fi wú, ikùn rẹ̀ yọ síta, gbogbo ara rẹ̀ di rogodo. Ó fò jáde látinú omi, ó gbéra lọ sókè, ó kan òkè ihò náà, ó sì bẹ́ gbàù!

Láti ọdún 1962 tí fíìmù Bond ti bẹ̀rẹ̀, irú ikú báyìí ti di ohun tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Ìkà kì í kú ní ìrọ̀rùn níbẹ̀. Ikú tí ojú kò rí rí ló gbọ́dọ̀ pa á. Ọ̀pọ̀ òǹwòran ló sì máa ń bi ara wọn bóyá irú ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ èèyàn lóòótọ́. Bí a bá fi wọ́n wé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìjàm̀bá tó ti ṣẹlẹ̀ rí, a ó rí i pé agbára tí àwọn onífíìmù ń lò kì í ṣe irọ́. Bí agbára náà ṣe ń pa èèyàn ni wọ́n ń yí padà: wọ́n ń fi ariwo àti ìran kún ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ní ìdákẹ́rọ́rọ́.

Awọ ara kì í ṣe rọ́bà. Òun, iṣan àti egungun ló so èèyàn pọ̀, wọn kò sì lè fẹ̀ débi tí èèyàn yóò fi rí rogodo. Bí afẹ́fẹ́ tó lágbára bá tú jáde lójijì nínú ikùn, ibi tó bá rọ̀ jù ni yóò gbà: ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun jáde, ó sì lè fa nǹkan ya nínú lọ́hùn-ún. Àwọn òmùwẹ̀ tó ń gbé ìgò afẹ́fẹ́ pọ̀n mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Afẹ́fẹ́ tó bá kún ẹ̀dọ̀fóró èèyàn ní ìsàlẹ̀ omi tó jìn tó mítà 10 yóò ti fẹ̀ di ìlọ́po méjì kó tó dé ojú omi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ náà pé wọn kò gbọ́dọ̀ sé èémí bí wọ́n bá ń gòkè bọ̀. Ẹni tó bá sé e, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè fàya, kí afẹ́fẹ́ ya wọ inú ẹ̀jẹ̀, kó sì lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ. Onítọ̀hún lè kú láìsí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀.

Fífò tí Kananga fò sókè ni àsọdùn tó ga jù. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ kò fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ ìta lọ. Ó lè mú kí èèyàn léfòó, ṣùgbọ́n ojú omi ni yóò dúró sí.

Ní ọdún 1989, Licence to Kill tún gbé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ wá, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Sanchez, ọ̀gá àwọn oníṣòwò kokéènì, gbà pé Milton Krest jí owó òun. Ó tì í mọ́ inú ìyẹ̀wù irin tí àwọn òmùwẹ̀ ń lò, ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ le sí i, ó sì fi àáké gé páìpù rẹ̀ lójijì. Orí Krest wú, ó fọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ta bo gíláàsì. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Brítéènì ní kí wọ́n gé díẹ̀ kúrò lára àwọn ìran tó burú nínú fíìmù náà. Lẹ́yìn tí wọ́n gé e tán, wọ́n ṣì ní ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 15 kò gbọ́dọ̀ wò ó ní sinimá. Òun ni fíìmù Bond àkọ́kọ́ tí wọ́n fi irú òfin bẹ́ẹ̀ dè.

Ọdún mẹ́fà ṣáájú ìgbà náà, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ojú ayé. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 1983, lórí Byford Dolphin, ilé iṣẹ́ orí omi tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga epo ní Òkun Àríwá, lápá Norway, òmùwẹ̀ mẹ́rin wà nínú ìyẹ̀wù tí agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó ìlọ́po 9 ti ìta. Ìdè tó so ìyẹ̀wù náà mọ́ àpótí irin tó ń gbé wọn wọ inú omi tú kí ilẹ̀kùn tó tì tán. Kí ojú tó ṣẹ́, afẹ́fẹ́ ti ya jáde. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú, òṣìṣẹ́ kan tó wà níta náà kú, ẹnì kejì rẹ̀ sì fara pa yánnayànna. Mẹ́ta nínú àwọn òmùwẹ̀ náà kú síbi tí wọ́n wà, torí afẹ́fẹ́ tó ti yọ́ mọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn hó lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ti mì. Kò sí èyí tí orí rẹ̀ wú bíi ti Krest nínú wọn. Ẹnì kẹrin ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn tí kò tíì tì, afẹ́fẹ́ sì gbé e gba àlàfo tóóró kan kọjá, ó fa ara rẹ̀ ya. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kẹrin yìí burú ju ohun tí onífíìmù èyíkéyìí gbójúgbóyà láti fi hàn.

Ikú Auric Goldfinger, nínú fíìmù tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ (1964), súnmọ́ òótọ́. Òun àti Bond ń du ìbọn mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú, ìbọn yìn, fèrèsé fọ́, afẹ́fẹ́ sì gbá a gba ojú fèrèsé jáde. Ihò ọta ìbọn nìkan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀ lè dí àdánù ihò kékeré. Bí odindi fèrèsé bá lọ, ọ̀rọ̀ di mìíràn. Lọ́dún 1973, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ DC-10 kan ti National Airlines fọ́ lókè New Mexico ní Amẹ́ríkà, àfọ́kù rẹ̀ ba fèrèsé kan jẹ́, èrò tó jókòó síbẹ̀ sì bá ojú fèrèsé náà lọ.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1990 ńkọ́? Gíláàsì iwájú ọkọ̀ British Airways kan tó ń ti Birmingham lọ sí Málaga ṣí kúrò lójú òfuurufú, torí pé èyí tó pọ̀ jù nínú bóòtù tí wọ́n fi dè é kò bá ihò rẹ̀ mu. Afẹ́fẹ́ fa ọ̀gá awakọ̀, Tim Lancaster, jáde kọjá ìbàdí. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, nígbà tí igbákejì rẹ̀ ń wá ibi tí yóò balẹ̀ sí. Wọ́n rò pé ó ti kú, ṣùgbọ́n wọn kò jù ú sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ balẹ̀ ní Southampton, Lancaster ṣì ń mí, kò sì pé oṣù mẹ́fà tó fi padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ojú ọ̀run tí kò sí afẹ́fẹ́ ni Bond ti ìkà tó ń jẹ́ Hugo Drax sí nínú Moonraker (1979), lẹ́yìn tó ti ta ọfà olóró lù ú. Àwọn fíìmù mìíràn máa ń jẹ́ kí orí èèyàn bẹ́ níbẹ̀, àmọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1966 ní Houston, páìpù ẹ̀wù Jim LeBlanc, ẹni tó ń dán ẹ̀wù àwọn arìnrìn-àjò ojú ọ̀run wò, já nígbà tó wà nínú ìyẹ̀wù kan tí àjọ NASA ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá 20 tó fi dákú. Ohun tó rántí gbẹ̀yìn ni pé itọ́ ń hó lórí ahọ́n òun. Wọ́n dá afẹ́fẹ́ padà kíá, ó sì yè é. Àwọn mẹ́ta tó wà nínú ọkọ̀ Soyuz 11 ti Sófíẹ́ẹ̀tì kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1971, fáàfù kan ṣí nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wá sáyé. Ọkọ̀ náà balẹ̀ bó ṣe yẹ. Àwọn tó wá pàdé wọn ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n sì bá òkú mẹ́ta.

Nínú gbogbo wọn, ti Oddjob, ọmọọṣẹ́ Goldfinger, ló jọ òótọ́ jù. Fìlà onírin rẹ̀ há sáàárín àwọn ọ̀pá irin ní Fort Knox, ibi tí Amẹ́ríkà ń kó wúrà pamọ́ sí. Bó ṣe dì í mú láti fà á yọ ni Bond fi wáyà tó já kan irin náà, iná sì gbé e. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ibi tí iná mànàmáná ti gbé èèyàn mọ̀ pé ọwọ́ onítọ̀hún kì í tú. Iná náà ló ń mú kí iṣan ọwọ́ sún kì, tí èèyàn á fi di ohun tó ń pa á mú pinpin. Iná tó ń ṣẹ́ yẹ́ríyẹ́rí níbẹ̀ nìkan ni àsọdùn.

Ní ti àwọn amí gidi, ìtàn wọn yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tí ìjọba rán láti pani kò fẹ́ ariwo rárá. Ohun tó ń fẹ́ ni kí dókítà yẹ òkú náà wò, kó sì ní àìsàn ló pa á. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1957, Bohdan Stashynsky, ọ̀dọ́kùnrin tí KGB, àjọ amí Sófíẹ́ẹ̀tì, rán níṣẹ́, dúró lórí àtẹ̀gùn ilé kan ní Munich, ní Jámánì. Ó fi ìwé ìròyìn we ọ̀pá irin kékeré kan mọ́ ọwọ́. Bí Lev Rebet, ọmọ Ukraine tó ń bá Sófíẹ́ẹ̀tì jà láti ìgbèkùn, ti ń gòkè bọ̀, Stashynsky na ọ̀pá náà sí i lójú. Ìgò kékeré inú rẹ̀ fọ́, májèlé sáyánáìdì sì fín sí Rebet nímú. Stashynsky fúnra rẹ̀ ti lo oògùn tó ń gbógun ti májèlé náà kó tó débẹ̀. Rebet ṣubú, ó kú, wọ́n sì ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Stashynsky fi irú ohun ìjà yìí pa Stepan Bandera, ọmọ Ukraine mìíràn tó ń bá Sófíẹ́ẹ̀tì jà, ní ìlú kan náà. Àṣírí ikú Rebet kì bá tú bí kì í bá ṣe pé apààyàn náà sá wá bá ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì lóṣù Kẹjọ ọdún 1961, tó jẹ́wọ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún 8 ni wọ́n dá fún un.

Ti Georgi Markov náà kò ní ariwo. Ní ọdún 1978, òǹkọ̀wé ọmọ Bulgaria yìí, tó ń bá BBC ṣiṣẹ́, wà nítòsí afárá Waterloo ní London nígbà tí nǹkan gún un lẹ́yìn itan. Ó yíjú padà, ó rí ọkùnrin kan tó ń mú agbòòrùn nílẹ̀. Ibà dé lálẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó kú. Hóró irin tí kò ju orí píìnnì lọ ni wọ́n bá nínú ẹran itan rẹ̀, wọ́n sì gbà pé risín, májèlé tó ń wá láti inú èso lárà, ni wọ́n fi sínú rẹ̀.

Onífíìmù kò lè fi irú ikú báyìí parí ìtàn. Òǹwòran ti fi wákàtí méjì wo ìwà ibi ọkùnrin náà, ẹ̀san ló sì ń retí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun ìní ìkà ló sábà máa ń pa á: ìyẹ̀wù Krest ló pa Krest, fìlà Oddjob ló mú iná wọ̀ ọ́ lára, ìbọn Goldfinger ló fọ́ fèrèsé. Ẹni tó gbẹ́ kòtò ló já sí i, òǹwòran sì lè lọ sílé pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn.

Ìdílé Alexander Litvinenko kò rí irú ìtẹ́lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Amí Rọ́ṣíà tẹ́lẹ̀ yìí mu tíì ní hótẹ́ẹ̀lì kan ní London ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2006. Polonium-210, májèlé tó ń tan ìtànṣán olóró, wà nínú tíì náà. Irun rẹ̀ re, ara rẹ̀ ń dáṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 23 oṣù náà. Marina ìyàwó rẹ̀ ja ìjà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba Brítéènì tó gbà láti ṣèwádìí ní gbangba. Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, adájọ́ Robert Owen sọ pé Andrei Lugovoi àti Dmitri Kovtun ló fún un ní májèlé náà. Àwọn méjèèjì ní irọ́ ni, Rọ́ṣíà náà sì sẹ́. Rọ́ṣíà kò fa Lugovoi lé Brítéènì lọ́wọ́. Ilé aṣòfin ló wọ̀ lọ́dún 2007. Ohun tó tẹ Marina lọ́wọ́ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni ìwé àbájáde ìwádìí kan, tí adájọ́ kọ orúkọ àwọn tó gbà pé wọ́n pa ọkọ rẹ̀ sínú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni sì lè kà.